Ohun Tí Òógùn Kọ Sẹ́yìn Iyọ̀

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí Mọ́gàjí Ajílékè gẹṣin dé Màpó
nígbà tí wọ́n fa Iyọ̀ wá bá mi ní Sábó.
Ẹṣin funfun, Kàtsínà ni wọ́n ti rà á,
ẹni bá fẹ́ ka egungun ìhà rẹ̀ á kà á tán.
Àdìgún tó fà á wá ní,
"Bàbá, ó ń gé èèyàn jẹ.
Ẹ bá wa wá ìjánu tó le."
Mo ní kó sọ gàárì kalẹ̀ ná.

Mo rọra fọwọ́ kan ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn.
Awọ ara rẹ̀ gbọ̀n
bí omi Ògùnpa tí ọmọdé sọ òkúta sí.
Egbò kan wà níbẹ̀, kò ju kọ́bọ̀ lọ,
irun ti bó, ẹran pupa yọjú.
Ìjánu kọ́.
Ẹ̀yìn ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu ló fi ń sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ dé.
"Gàárì bàbá mi àgbà nìyẹn. Fàdákà ló wà níwájú rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé wọn dé Màpó, kò sí wàhálà.
Ẹṣin ni kí o tún ṣe. Má fọwọ́ kan gàárì."

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún ẹṣin ṣe?
Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀;
n kò tí ì gbọ́ ẹni tó béèrè
bóyá gàárì òwe bá a lẹ́yìn mu.

Mo mú wáyà rírọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn Iyọ̀,
mo gbé e sórí páálí, mo fi bírò tọ ipa rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ gàárì, mo tún tọ̀ ọ́.
Ìlà kan ga ṣóńṣó bí òrùlé,
ìkejì fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò.
"Mọ́gàjí, ẹṣin bàbá yín àgbà sanra.
Eléyìí ò sanra."
Ó wo páálí títí. Ó jókòó sórí táyà.
"Tú u."

Mo tú u.
Lọ́tùn-ún, òwú àràbà, ó ti dì gbagidi.
Lósì, òwú kan náà, ìlọ́po méjì,
àti àkísà ẹtù tí wọ́n ká ní mẹ́rin
tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ilé rán mọ́ ọn,
kì í ṣe abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ awọ.
Ìka méjì ni òsì fi ga ju ọ̀tún lọ.
"Ṣé ẹsẹ̀ òsì wọn kúrú ni?"

Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta kọjá kó tó fèsì.
"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìrìn ọlá ni wọ́n pè é."
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí agbádá nu ojú.
"Èmi náà ti ń rin ìrìn yẹn láti kékeré.
Ẹsẹ̀ mi ò sì kúrú."
Ó ká àkísà ẹtù náà sápò,
kò sọ ti ẹni tó rán an.

Òrí ni wọ́n fi ń pa egbò, ẹnikẹ́ni ò gùn ún.
Irun àgùntàn ni mo fi kún gàárì,
mo là ọ̀nà sáàárín kí nǹkan má kan egungun ẹ̀yìn.
Líkáfà òsì tí wọ́n ti ká sókè láti ayé bàbá àgbà,
mo sọ ọ́ kalẹ̀.
Àwọn èèyàn ń gbàdúrà kí líkáfà wọn ròkè sí i;
àdúrà tèmi ni kí méjèèjì dọ́gba.

Ní Màpó, ojú gbogbo ayé wà lára olóyè.
Èmi dúró dè wọ́n lábẹ́ igi.
Nígbà tí Àdìgún fà á dé, mo tú ọ̀já ikùn,
mo gbé gàárì kúrò.
Òógùn ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀:
ọ̀tún tutù, òsì tutù,
àfi ibì kan nítòsí egbò àná
tó gbẹ, kò ju èékánná lọ.
"Bàbá, ó ti dáa."
"Ó ku díẹ̀," mo ní,
mo fi bírò sàmì sí abẹ́ gàárì.
Iyọ̀ yí ọrùn padà,
ó gbóòórùn ọwọ́ mi,
kò gé mi jẹ.